Wẹ́bsáìtì Oníṣẹ́ Iná Tó Rẹwà Jù: Ohun Tí Mo Yẹ̀ Wò Kí ₦840,000 Tó Lọ

Ilé ẹbí màmá mi wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn Ìta Fàájì. Ilé àtijọ́ ni. Wáyà iná tó wà nínú rẹ̀, láyé bàbá àgbà ni wọ́n ti fà á, gbogbo ẹni tó sì gbé yàrá kan níbẹ̀ ló ti fi tirẹ̀ kún un: ẹnìkan fa wáyà fìríìjì, ẹlòmíì fa ti ẹ̀rọ amúlétutù, ẹnìkan tiẹ̀ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé torí ẹ̀rọ ìlọta. Lọ́dún tó kọjá, ògiri kan ní pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Alhaja, gbé ọwọ́ lé e, ó ní, "Ẹ wá o, ibà ń ṣe ògiri yìí."

Ọmọ Alhaja tó wà ní Peckham, ní London, ló kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti fi líǹkì wẹ́bsáìtì kan sínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí. Oníṣẹ́ iná ni wọ́n, wọ́n ní Lagos Island làwọn wà. Òun ti bá wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà máa jẹ́ ₦1,200,000, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ gba àsansílẹ̀ ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦840,000, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di ọjọ́ Ẹtì torí ẹ̀dínwó máa parí. Ó fi owó náà ránṣẹ́ sí mi pé kí n san án fún wọn. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ òní nìkan."

Kì í ṣe torí owó nìkan ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Wáyà tí iná ń gbà kọjá máa ń gbóná, ooru yẹn kì í sì í pọ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n bí iná ṣe pọ̀. Tí iná tó ń gba inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Wáyà tín-ínrín tí wọ́n ṣe fún gílóòbù, tí wọ́n wá so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́, lè máa sun ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ògiri láìsí ẹni tó rí i. Ibi tí wọ́n bá sì ti so wáyà méjì pọ̀ láì fún un dáadáa ló burú jù, torí ibẹ̀ ni iná ti máa ń tiraka kó tó kọjá. Ilé tí mo ń wí yìí, ara ló fi ti ara ilé kejì. Àwa tá a mọ Ìta Fàájì kò sì tíì gbàgbé ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí ilé alájà kan tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó lulẹ̀ ládùúgbò yìí, tí nǹkan bí ogún ènìyàn sì kú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ilé ṣeré mọ́ ní àdúgbò wa látìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi gan-an kọ́kọ́ fẹ́ràn wẹ́bsáìtì náà. Àwọ̀ búlúù òun funfun, ọkùnrin kan tó dé akoto iṣẹ́ tó ká ọwọ́ mọ́ àyà, "Láti ọdún 2004", ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún lábẹ́ orúkọ àwọn oníbàárà. Ó mọ́ tónítóní. Ohun tó ṣe mí yẹn kì í ṣe tèmi nìkan. Lọ́dún 2002, B.J. Fogg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, ní kí èèyàn 2,684 wo wẹ́bsáìtì méjì-méjì, kí wọ́n sọ èyí tó ṣeé gbà gbọ́ jù, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Wọn ò kọ́kọ́ wo ẹni tó ni ín, wọn ò kọ́kọ́ wo bóyá òótọ́ lohun tó wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n mẹ́nu bà jù ni bó ṣe rí lójú: ìdá 46.1 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló sọ nípa àwọ̀, ètò àti ìrísí ojú ìwé. Ojú ló ń gbàgbọ́ kí ọpọlọ tó débẹ̀.

Lọ́dún 2002 yẹn, ìwà yìí ṣì ní ìtumọ̀ díẹ̀, torí owó gidi lèèyàn máa ná kó tó ní wẹ́bsáìtì tó rẹwà. Lónìí ńkọ́? Ẹni tó bá ní dátà, tó sì ní ọ̀sán kan, á rí àwòṣe ọ̀fẹ́, á yí orúkọ padà, á fi fọ́tò sí i, ó parí. Ẹwà ti di pọ́ọ́kú.

Ibí ni ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì kan ti wúlò fún mi. Lọ́dún 1970, George Akerlof kọ̀wé nípa ọjà mọ́tò àlòkù: ẹni tó ń tà mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣàìsàn, ẹni tó ń rà kò mọ̀, nítorí náà ó lè dójú ẹ̀ pé àwọn tó ní mọ́tò gidi á kúrò lọ́jà, á wá ku àwọn tó ní ẹrù àlébù. Lọ́dún 1973, Michael Spence béèrè pé báwo wá ni ẹni gidi ṣe lè fi ara rẹ̀ hàn? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àmì kan kò lè ṣiṣẹ́ àfi tó bá wọ́n fún òpùrọ́ ju bó ṣe wọ́n fún olóòótọ́ lọ. Àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Joseph Stiglitz, ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2001. Èmi kàn tún un sọ lédè tiwa ni: èló ni irọ́ yìí máa ná ẹni tó fẹ́ pa á? Ohun tí kò bá ná an ní nǹkan kan, mi ò ní kà á sí.

Àwọn ará Èkó àtijọ́ mọ èyí láìka ìwé Spence. Ẹ lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ló darí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bíríkìlà Àgùdà mọṣẹ́ nígbà yẹn kò ní béèrè ìwé, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn lọ wo ògiri. Irọ́ tó ga tó mọ́ṣáláṣí, ta ló lówó tó máa fi kọ́ ọ?

Nítorí náà, mo kúrò lórí wẹ́bsáìtì náà. Mi ò kà á síwájú sí i. Lọ́dún 2017, Sam Wineburg àti Sarah McGrew fi àwọn òpìtàn mẹ́wàá, akẹ́kọ̀ọ́ Stanford mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti àwọn mẹ́wàá tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wádìí òótọ́ ọ̀rọ̀ wé ara wọn. Àwọn òpìtàn àti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ojú ìwé náà, wọ́n ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣìnà. Àwọn olùwádìí kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Wọ́n ṣí ojú ìwé mìíràn, wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ayé pé "ta nìyí?" Bá a ṣe ń ṣe ìwádìí ọkọ tàbí ìyàwó náà nìyẹn, àbí? A kì í bi ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ bóyá èèyàn dáadáa ni.

Kí n tó lọ, Bọ̀dá mi ti pè mí. Ó ní, "Àgádágodo wà lókè níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó dájú." Rárá o. Àgádágodo yẹn kàn ń sọ pé ohun tí ẹ bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí wẹ́bsáìtì náà, ẹlòmíì kò lè kà á lójú ọ̀nà. Kò sọ irú ẹni tó jókòó sí òpin ọ̀nà. Ẹ lè bá olè sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ tó dájú gan-an. Láti ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn Google pàápàá rí i pé àmì náà ń ṣi èèyàn lọ́nà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lójú Chrome lọ́dún 2023, wọ́n fi àmì mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ọjọ́ orí orúkọ wẹ́bsáìtì náà. Gbogbo orúkọ tó bá parí sí .ng, NiRA ló ń bójú tó o, èèyàn sì lè béèrè níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ọ̀hún sílẹ̀. Tó bá jẹ́ .com, ICANN ní ojú ìwé tá a ti lè béèrè irú ẹ̀. Orúkọ ẹni tó ni ín kì í sábà hàn mọ́, wọ́n máa ń bò ó, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí rẹ̀ máa ń hàn. Ti àwọn èèyàn wa yìí: ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. "Láti ọdún 2004" ńkọ́?

Ẹ má tíì pariwo. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ló wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún tí ọmọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a ṣe wẹ́bsáìtì lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ orí kékeré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ orí ńlá kì í ṣe ìwà mímọ́, torí wọ́n ń ta orúkọ wẹ́bsáìtì àtijọ́ bí wọ́n ṣe ń ta mọ́tò àlòkù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lọ sí Wayback Machine ti Internet Archive, tó máa ń tọ́jú àwòrán wẹ́bsáìtì láti ọdún dé ọdún. Ẹ lè rí i níbẹ̀ pé wẹ́bsáìtì tó ń ta iṣẹ́ iná lónìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń kọ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Tiwọn kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ síwájú.

Nísàlẹ̀ ojú ìwé wọn, wọ́n kọ nọ́ńbà RC kan. Nọ́ńbà yẹn ni CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, máa ń fún kọ́ńpìnnì. Tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán, BN ni. Èèyàn lè fi orúkọ tàbí nọ́ńbà wá a lórí ìkànnì CAC láìsan kọ́bọ̀. Mo tẹ nọ́ńbà náà. Ó wà lóòótọ́! Ilé-iṣẹ́ tó ń sin adìyẹ ló jáde, ìpínlẹ̀ mìíràn ni àdírẹ́sì rẹ̀ sì wà. Wọ́n kàn ṣa nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni ni, torí wọ́n mọ̀ pé tí èèyàn bá ti rí RC, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, kò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Ká tiẹ̀ ní tiwọn ni, CAC kì í dán ẹnikẹ́ni wò bóyá ó mọ wáyà fà. NEMSA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dán àwọn oníṣẹ́ iná wò tó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Tí iṣẹ́ bá ti kúrò ní gílóòbù kan, tó di gbogbo ilé, ẹ béèrè ìwé yẹn.

Àwọn fọ́tò wọn ni mo gbádùn jù. Ẹ lè gbé fọ́tò sínú Google Lens tàbí TinEye kẹ́ ẹ rí ibòmíì tó ti wà, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀: ọkùnrin tó ká ọwọ́ mọ́ àyà yẹn wà lórí wẹ́bsáìtì àìlóǹkà, ó ń ṣe pọ́ńbà níbì kan, ó ń ṣe kápẹ́ńtà níbòmíì. Ọ̀gá oníṣẹ́ gbogbo. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá la ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Nínú fọ́tò "iṣẹ́ wa ní Lagos Island", igi ni ògiri ilé náà, wọ́n sì lu ihò sára igi náà kí wáyà lè gba ibẹ̀ kọjá. Ta ló ń fi igi ṣe ògiri ilé ní Ọ̀kẹ́ Pópó lónìí? Búlọ́ọ̀kù la fi ń kọ́lé. Oníṣẹ́ iná wa máa ń gbẹ́ ògiri ni, á tẹ páìpù sínú rẹ̀, á fa wáyà gba inú páìpù, kí bíríkìlà tó wá fi símẹ́ńtì bò ó. Nínú fọ́tò kejì, sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dúró ṣánṣán pẹ̀lú ihò róbótó kan lábẹ́ wọn. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn, níbi tí iná ti jẹ́ fóltì 120. Tiwa jẹ́ fóltì 230, ihò onígun mẹ́rin mẹ́ta ló sì wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, bíi ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Bọ̀dá mi, mo ní kó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ dáadáa. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá.

Ti ìràwọ̀ márùn-ún, mi ò fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ oníbàárà tó wà lórí wẹ́bsáìtì ẹni, ẹni náà ló kọ ọ́ tàbí ló yàn án. Èyí tó wà lórí Google Maps sàn díẹ̀, torí ẹ lè tẹ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kẹ́ ẹ wo ibòmíì tó ti sọ̀rọ̀ rí. Tí èèyàn mẹ́jọ bá yin ọkùnrin kan lọ́jọ́ kan náà, tí kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó ti yin búkà kan rí láyé rẹ̀, ẹ ti mọ̀.

Mo wá rán àbúrò mi kan sí àdírẹ́sì wọn. Eyín wa ni Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe wá níbí, ẹ ò rí i? Ẹni tó wà ní Abuja á máa wo Street View, àwa kàn nílò bàtà. Ó rìn débẹ̀, ó pè mí: òpópónà náà ti parí kí nọ́ńbà ilé yẹn tó dé. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta àkàrà ní kọ̀rọ̀. Ìyá ní òun ti jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, òun ò gbọ́ orúkọ náà rí, "àmọ́ ìwọ ni ẹnì kẹta tó máa béèrè lóṣù yìí."

Ó ku nǹkan kan, òun gan-an ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í kà á. Kí owó tó kúrò lápò yín, tẹ́ ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́wàá yẹn, áàpù báńkì á gbé orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì jáde. Kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó fún ló kọ orúkọ yẹn, báńkì ló mú un wá, èèyàn kò sì lè fi àwọ̀ búlúù òun funfun yí i padà. Mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fún wa. Orúkọ èèyàn kan ló jáde, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́, kò sì jọ orúkọ "olùdásílẹ̀" tó wà lórí wẹ́bsáìtì wọn. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ló ń gba owó sínú àkáǹtì ara wọn, mi ò ní bínú sí ìyẹn, ṣùgbọ́n orúkọ ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Mo pè wọ́n. Mo ní ká lọ wo ilé kan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Lagos Island, ilé kan péré. Ẹni tó gbé fóònù ní àwọn oníbàárà àwọn kì í fẹ́ àlejò. Mo ní kí wọ́n wá wo ilé tiwa ná kí wọ́n tó dá iye lé e. Ó ní ẹ̀dínwó máa parí lọ́jọ́ Ẹtì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó Bọ̀dá mi padà sí Peckham.

Ẹni tó wá ṣiṣẹ́ náà ní wẹ́bsáìtì pẹ̀lú, ẹ ò ní gbà á gbọ́ tẹ́ ẹ bá rí i. Ojú ewé kan ṣoṣo, lẹ́tà yẹ́lò lórí ilẹ̀ pupa, Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ sì ń tiro. Ká ní mo wà lára àwọn 2,684 yẹn, màá ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 2012 ni wọ́n ti forúkọ .com.ng rẹ̀ sílẹ̀, Wayback sì ní àwòrán rẹ̀ látìgbà náà, yẹ́lò òun pupa yẹn náà ni. BN rẹ̀ wà ní CAC, orúkọ rẹ̀ náà ló sì jáde nínú áàpù báńkì. Fọ́tò rẹ̀ ṣókùnkùn, àmọ́ àkàbà kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, ọ̀kan tí wọ́n fi rọ́bà pupa di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fún wa ní ilé mẹ́ta tá a lè lọ wò. A lọ sí méjì. Ní ilé kejì, bàbá onílé mú wa débi bíréékà, ó sì ń ṣàlàyé fún wa bí ẹni pé òun ló fà á.

Ó dé pẹ̀lú àkàbà yẹn gan-an. Ó tú ara ògiri tó ń gbóná: wáyà méjì ni ẹnìkan lọ́ mọ́ra wọn, tó sì fi nylon pio wàtà wé e. Nylon náà ti yọ́ mọ́ wáyà, ó ti dúdú. Alhaja gba èyí tó gé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Orí tẹlifíṣọ̀n ló wà báyìí, nínú àwo gíláàsì kan, gbogbo àlejò tó bá wọlé ló sì gbọ́dọ̀ wò ó kí wọ́n tó fún un ní omi mu.